Ẹ́ńjìnnì MGB tó gan pa

MGB mi, ọkọ̀ kékeré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ọdún 1972 ni, Abingdon ní England ni wọ́n ti ṣe é, irú èyí tí wọ́n ń ká òrùlé rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹni tó tà á fún mi ti pa á tì sẹ́yìnkùlé títí koríko fi gba abẹ́ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì 1,798 cc náà ti gan pa, kò yí mọ́. Mo rọ díísù gba ojú ihò púlọ́ọ̀gì, mo jẹ́ kó mu ún dáadáa. Nígbà tí mo fi sípánà gígùn yí i, ó dún gbì, ó sì gbà.

Kábúrétọ̀ SU méjèèjì, tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, ò yọ mí lẹ́nu rárá. Ìdí kránkíṣáfù, ọ̀pá tí písítìnì ń yí, niṣẹ́ wà. Béárìnì ńlá márùn-ún ló jókòó lé. Ojú wọn ti ha débi pé bàbà abẹ́ wọn ti ń yọ. Gbogbo wọn ni mo pààrọ̀. (Ẹ má ṣe ṣahun níbẹ̀ o!) Ìyàwó mi bi mí pé ṣé ojúbọ Ògún ni mo ń kọ́ sí Peckham, ní London níbí, ni.

Ó ku fáàfù: 0.38 mm ni àlàfo tó wà láàárín wọn àti apá tó ń tì wọ́n ṣí. Gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ni mo ṣì ń retí.