Búrẹ́dì ọ̀gẹ̀dẹ̀ aláìní ṣúgà funfun: inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni adùn ti ń bẹ̀rẹ̀

Bí ẹ bá fẹ́ yan búrẹ́dì ọ̀gẹ̀dẹ̀ láìfi ṣúgà funfun sí i, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí èèpo rẹ̀ ṣì mọ́ roro, tí kò ní àmì dúdú kankan, dára fún jíjẹ lásán, ṣùgbọ́n kò tíì tó fún iṣẹ́ yìí. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá ṣe ń pọ́n sí i ni sítáàṣì inú rẹ̀ ń di ṣúgà. Ẹ dúró títí àmì dúdú yóò fi bo èèpo rẹ̀ ju ìdajì lọ, tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà yóò rọ̀ lọ́wọ́, tí òórùn rẹ̀ yóò sì gba inú ilé. Bí èèpo bá dúdú pátápátá, kò burú. Èyí tó bá ti bu, tàbí tó ń sun omi tó ń rùn bí ọtí, ẹ dà á nù.

Àwọn kan máa ń ki ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n tó sínú ààrò gbígbóná kí èèpo rẹ̀ lè dúdú. Yóò rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní dùn bí èyí tó pọ́n fúnra rẹ̀, nítorí ọjọ́ ló ń sọ sítáàṣì di ṣúgà. Ohun tó sàn ni kí ẹ kó o sínú àpò bébà pẹ̀lú ápù kan tó ti pọ́n, kí ẹ pa ẹnu àpò náà dé.

Fún páànù búrẹ́dì kan tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 23, tó sì fẹ̀ ní 13, ẹ wá ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a ti bó, gíráàmù 300 (bíi mẹ́ta ni), dàbínù tí a ti yọ kóró rẹ̀, gíráàmù 120, omi gbígbóná, mílílítà 80, ẹyin méjì, òróró, mílílítà 80, ìyẹ̀fun àlìkámà tí a lọ̀ tèèpotèèpo, gíráàmù 220, baking soda, ṣíbí ìpotíì kan tí a fá ojú rẹ̀, ìdajì ṣíbí ìpotíì iyọ̀, sínámónì, ṣíbí ìpotíì kan, àti omi ọsàn wẹ́wẹ́, ṣíbí ìjẹun kan. Ẹ jọ̀wọ́, orí ìwọ̀n ni kí ẹ ti wọn ìyẹ̀fun. Bí a bá fi kọ́ọ̀bù bù ú, tí a sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, yóò pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, búrẹ́dì á sì gbẹ.

Ẹ da omi gbígbóná náà lé dàbínù, ẹ dé e fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ wá lọ̀ ọ́ tomitomi títí yóò fi kúnná. Ẹ fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó lọ̀ ọ́, nítorí kóró kan ṣoṣo lè ṣẹ́ni léyín. Bí oyin ló wà nílé, gíráàmù 170 oyin àti mílílítà 60 wàrà ni ẹ óò fi rọ́pò dàbínù àti omi rẹ̀. Ẹ má ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní búrẹ́dì olóyin o: kòkòrò àìfojúrí tó lè wà nínú oyin, tó léwu fún ìkókó, kì í kú nínú ààrò. Dàbínù ni mo fara mọ́ jù, nítorí ó ní okun oúnjẹ (fíbà) tí oyin kò ní. Ṣùgbọ́n ṣúgà wà nínú àwọn méjèèjì, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ sì gbọ́dọ̀ kà á mọ́ oúnjẹ rẹ̀.

Ẹ tan ààrò sí ìwọ̀n 165 ti Celsius. Ó lè dà bí ẹni pé ó kéré, ṣùgbọ́n dàbínù àti oyin tètè máa ń jóná lójú kí inú tó jinná. Ẹ fi fọ́ọ̀kì tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ pò ó mọ́ dàbínù, ẹyin, òróró àti omi ọsàn wẹ́wẹ́. Nínú abọ́ mìíràn, ẹ sẹ́ baking soda sínú ìyẹ̀fun kí ó má baà dì, kí ẹ wá fi iyọ̀ àti sínámónì sí i.

Ìgbà tí a bá da méjèèjì pọ̀ ni ọ̀pọ̀ búrẹ́dì ti ń bàjẹ́. Àlìkámà ní èròjà kan tó máa ń fà bí a bá ń rò ó nínú omi. Ẹni tó ń fi ìwúkàrà ṣe búrẹ́dì ń wá fífà yẹn. Àwa kò fẹ́ ẹ níbí. Bí ẹ bá rò ó jù, búrẹ́dì á le, yóò sì ní ihò gígùn nínú. Ẹ fi ṣíbí fífẹ̀ yí i láti ìsàlẹ̀ wá sókè títí ẹ kò fi ní rí ìyẹ̀fun gbígbẹ mọ́, kí ẹ dáwọ́ dúró, kódà bí kókó ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá ṣì wà níbẹ̀. Ẹ dà á sínú páànù, kí ẹ gbé e sínú ààrò lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì fi í sílẹ̀ lórí tábìlì: baking soda ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn, afẹ́fẹ́ tó yẹ kó gbé e sókè á ti lọ.

Ó máa ń gbà tó ìṣẹ́jú 55 sí 65. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 35, bí ojú rẹ̀ bá ti pọ́n, ẹ fi fọ́ìlì bò ó, ṣùgbọ́n ẹ má ṣílẹ̀kùn ààrò ṣáájú ìgbà náà. Ẹ fi igi ìtayín gún àárín rẹ̀ lójú méjì, nítorí ó lè bá kókó ọ̀gẹ̀dẹ̀ pàdé, kó jáde ní tútù, kí ẹ rò pé kò jinná. Ẹni tó ní ohun ìwọn ooru yóò rí 93 sí 96 ní àárín.

Bí àárín bá rì, ó lè jẹ́ pé kò jinná, tàbí pé baking soda ti gbó. Ẹ da díẹ̀ sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́: bí kò bá hó lójú ẹsẹ̀, ẹ ra tuntun. Bí ìsàlẹ̀ bá ki, tó ń lẹ̀ mọ́ni léyín, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló pọ̀ jù. Bí ó bá dà bí ọṣẹ lẹ́nu, baking soda ló pọ̀ jù.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni kí ó lò nínú páànù lẹ́yìn tí ó bá jáde, kí ooru rẹ̀ má baà di omi sí ìdí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa kí ẹ tó gé e. Bí ẹ bá wé e, adùn rẹ̀ á túbọ̀ jáde lọ́jọ́ kejì. Lóde, ó lè lo ọjọ́ méjì. Nínú fírísà, ẹ gé e kí ẹ tó wé e lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò lo oṣù mẹ́ta, ẹ sì lè yan án bó ṣe dì yẹn láìdúró kó yọ́.