Sítáǹpù tó pa èmi àti dádì pọ̀ lálẹ́ àná

Alẹ́ àná nílé wa l'Òkè-Fìà níbí, èmi àti dádì tẹjú mọ́ fóònù, gbàǹjo sítáǹpù ni wọ́n ń ṣe lókè òkun, bí wọ́n ṣe gbé méjì kan jáde báyìí ni dádì pariwo, "Ẹ̀hẹ́n! Dúró níbẹ̀!" Franklin ló wà lára ti sẹ́ǹtì 5, Washington wà lára ti sẹ́ǹtì 10. Mo rò pé ojúlówó ti 1847 ni, dádì ní rárá o, àtúntẹ̀ ni, ọdún 1875 ni ìjọba Amẹ́ríkà tún un tẹ̀ torí àfihàn ńlá ti Philadelphia ní 1876. Kò sí gọ́ọ̀mù lẹ́yìn ẹ̀, kò sì ṣe é fi lẹ́tà ránṣẹ́, àwọn tó ń kó sítáǹpù jọ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún. Síbẹ̀ ẹ gbọ́ owó tí wọ́n ń pè, àyà mi já!

Dádì bá lọ gbé álúbọ́ọ̀mù wọn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n rọra fi ẹ̀mú mú sítáǹpù Èkó kan, tí orí Queen Victoria wà lára ẹ̀ (1874 ni Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í ní tiẹ̀), ni wọ́n bá mú iná lọ. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, dádì gbé e síwájú ẹ̀, mo wá rí adé kékeré tó sá pamọ́ sínú pépà náà. Orí mi wú, ẹ̀yin èèyàn mi.

Ká tó padà sídìí gbàǹjo, wọ́n ti ta méjèèjì.

Ẹ̀yin ará Òṣogbo tẹ́ ẹ ní lẹ́tà àtijọ́ nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ya sítáǹpù ara ẹ̀ kúrò.