Ọmọ-ogun nìkan la fi bẹ̀rẹ̀

Sátidé kìíní

Pákó pẹlẹbẹ kan wà lẹ́yìn ilé tí káfíńtà fi sílẹ̀. Mo gé e ní sẹ̀ǹtímítà 40 lóòró àti níbùú, mo fa ìlà sí i ní márùn-ún márùn-ún, ojú 64 sì jáde. Ọ̀dà funfun àti dúdú ni mo fi kùn ún. Àwọn ìbejì ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló ní kí n kọ́ àwọn ní ṣẹ́ẹ̀sì. Wọ́n rí fídíò Tunde Onakoya, ọmọ Nàìjíríà tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, bó ṣe ta á fún wákàtí 60 ní Times Square ní New York, lóṣù kẹrin ọdún 2024. Látìgbà náà, wọn ò jẹ́ kí n sinmi.

Nígbà tí wọ́n ń kọ́ èmi, wọ́n ka gbogbo òfin sí mi létí kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Nígbà tílẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, mi ò rántí ìdajì. Bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ka òfin ayò ọlọ́pọ́n sétí bàbá mi rí. Ìdí ọpọ́n ni wọ́n lọ jókòó sí, àwọn àgbà ń pa wọ́n láyò títí tí àwọn náà fi di ọ̀ta. Bí mo ṣe fẹ́ kí tàwọn ọmọ yìí rí nìyẹn.

Nítorí náà, ọmọ-ogun mẹ́jọ-mẹ́jọ, àwọn tó kéré jù nínú ọmọ ṣẹ́ẹ̀sì, nìkan ni mo tò. Ẹni tí ọmọ-ogun rẹ̀ bá kọ́kọ́ dé òpin ọ̀hún ló pa ẹnì kejì. Ohun tí mo sọ ò pọ̀: funfun ló ń kọ́kọ́ ta, iwájú lọmọ-ogun ń lọ, ojú kan lẹ́ẹ̀kan, àfi ìgbà tó bá ń kúrò níbi tí a tò ó sí tó lè rin méjì. Kì í jẹ ẹni tó dojú kọ ọ́ gan-an, igun iwájú lọ́tùn-ún tàbí lósì ló ti ń jẹ. Ìgbà mọ́kànlá ni wọ́n ta á kílẹ̀ tó ṣú.

Sátidé kejì

Ìjà ṣẹlẹ̀. Kẹ́hìndé ló ni funfun, ọmọ-ogun rẹ̀ sì ti dé e5 (lẹ́tà ni orúkọ ìlà òró, nọ́ńbà ni ti ìbú, ọ̀dọ̀ funfun la ti ń kà á). Táyé mú tirẹ̀ láti d7, ó rin ojú méjì, ó dúró sí d5, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́.

"Àǹtí, ó sá fún mi! Ká ní ojú kan ló rìn ni, mi ò bá ti jẹ ẹ́!"

Ọ̀rọ̀ tí mo ń retí gan-an nìyẹn. Mo ní òótọ́ lo sọ, òfin sì gbà fún ọ: jẹ ẹ́ bí ẹni pé ojú kan ló rìn, kí tìrẹ bọ́ sí d6. Ṣùgbọ́n ìsinsìnyí ni o. Tó o bá fi ta nǹkan mìíràn, àyè ti bọ́. Òfin tó ń rú àgbàlagbà lójú, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló fẹnu ara rẹ̀ bèèrè fún un. Inú mi dùn títí di òru.

Sátidé kẹta

A fi ọba, ayaba, bíṣọ́ọ̀bù àti ilé-ìṣọ́ kún un. "Ilé" làwọn ọmọ ń pe ilé-ìṣọ́, tí ọba bá sì fẹ́ fi í bo ara, wọ́n á ní ọba ń sá wọlé. Ó bá a mu púpọ̀. Ọba àti ilé náà ò gbọdọ̀ tíì kúrò lójú wọn rí, kò gbọdọ̀ sí nǹkan láàárín wọn, wọn ò sì gbọdọ̀ máa lé ọba lọ́wọ́, tàbí kó gba ojú tí ọ̀tá ń ṣọ́ kọjá.

Sátidé kẹrin

Ẹṣin. Ọ̀kan ti sọnù nínú àwọn dúdú, ìdérí ìgò la fi rọ́pò rẹ̀. Mo gbé ẹṣin funfun sí e4, mo mú sẹ́yò mẹ́jọ nínú ọpọ́n Bàbá, mo fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí gbogbo ojú tó lè bẹ́ dé. Mo gbé e lọ sí igun, sẹ́yò méjì péré ló gbà. Wọ́n rí i fúnra wọn pé àárín ni ẹṣin ti ń lágbára.

Lọ́sàn-án, Kẹ́hìndé jẹ Táyé tán, ó ku ọba nìkan ní h8. Ọba Kẹ́hìndé wà ní e5. Ó gbé ayaba sí g6, ó sì pariwo pé "Ṣẹ́ẹ̀kìméètì!", pé òun ti pa ọba Táyé.

Mo ní: ta ló ń lé ọba náà? Kò sẹ́ni. Ibo ló lè lọ? Kò síbì kankan. Ọ̀mì ni.

Ó sunkún, kò sì jẹun. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò yí i padà. Nígbà tó yá, a tún un tò: ọba kọ́kọ́ wá sí f6, lẹ́yìn náà ni ayaba bọ́ sí g7, ọba sì ń ṣọ́ ọ lẹ́yìn. Ó tò ó, ó tún un tò, kò jẹ́ kí n kó pákó nílẹ̀.

Sátidé karùn-ún

Bàbá wá bèèrè sẹ́yò wọn. 48 ló yẹ kó pé, 46 ló wà nínú ọpọ́n. Wọ́n dúró lórí wa, wọ́n ní, "Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ." Táyé bá sún àga fún wọn: "Bàbá, ẹ jókòó, ẹ̀yin lọ̀pẹ lónìí. Ọmọ-ogun nìkan la fi ń bẹ̀rẹ̀."

Òun ló ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, títí kan ti ẹni tó rin ojú méjì. Mi ò dá sí i. Ó pa Bàbá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, Bàbá sì pa á nígbà kẹrin, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má dìde.

Sátidé tó ń bọ̀, a ó fi ọba kún ti Bàbá. A ò tíì rí sẹ́yò méjì yẹn.