Kúlà Iyán Ṣáájú Wa Gúnlẹ̀

Nígbà tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó ní 1996, Oǹdó ló di òkun mú, òkè ni wọ́n pín fún wa. Kò sẹ́ni tó sọ fún ọkọ àǹtí mi. Wọ́n ti Èkó wá ṣọdún Àjíǹde, wọ́n ní fàájì orí omi ló wu àwọn, ni wọ́n bá kó wa lọ sí dáàmù Ero ní Ikun-Èkìtì.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n wà?"

"Èmi ará Èkó?"

(Mo mọ ará Èkó tó jẹ́ pé orí afárá Third Mainland nìkan ló ti ń rí ọ̀sà. Mo panu mọ́.)

Ọmọkùnrin apẹja tó ni ọkọ̀ fún wa ní láífù jákẹ́ẹ̀tì. Ti Bọ̀ọ̀dá kọ̀, kò pàdé níwájú ikùn. Ó kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má dìde dúró o. Bọ̀ọ̀dá ní àárín omi la ti máa jẹun, Àǹtí mi bá gbé kúlà iyán fún wa, wọ́n fi ìborùn wọn so ìdérí rẹ̀ pinpin, àwọn dúró sétí omi ní tiwọn.

Ọ̀tún ni Bọ̀ọ̀dá ń wà lẹ́yìn, wọ́n ní kí èmi náà máa wa ọ̀tún níwájú. Ọkọ̀ ń yí sósì, ó tún ń yí sósì, a ń pòòyì lójú kan bí òkòtó. Àwọn ọmọdé etí omi ń pàtẹ́wọ́.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí òsì."

"Dákẹ́, ìgbì ni."

Ìgbì wo?

Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n dìde láti ya sẹ́fì. Ọkọ̀ fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, Bọ̀ọ̀dá fìdí lélẹ̀ gbì! Fóònù ò bọ́, àwa náà ò bọ́. Kúlà ló bọ́ sómi.

"Uyán mi o!" Àǹtí mi figbe ta. Wọn ò béèrè ọkọ wọn.

Kúlà léfòó, ìborùn ń wọ́ tẹ̀ lé e. A gbá tẹ̀ lé e. Bí a bá ti fẹ́ nawọ́ mú un, àjẹ̀ wa á ru omi, omi á tún tì í síwájú. Atẹ́gùn náà bá a gbè. Àwa ṣì ń pòòyì nígbà tó gúnlẹ̀ sẹ́sẹ̀ apẹja.

Okùn ni wọ́n fi fà wá dé èbúté. Apẹja ti fọwọ́, ó ti bu òkèlè dání.

"Ẹ kú ewu o," ó ní. "Ọbẹ̀ dà?"

Gbogbo wa yíjú sí Bọ̀ọ̀dá. Ọbẹ̀ ṣì wà nínú bùútù mọ́tò.