Ayétòrò tiwa, ti etí òkun

Tí wọ́n bá ti dárúkọ Ayétòrò báyìí, àwọn kan á ti sáré lọ sí Yewa, àwọn míì á ní Ayétòrò Èkìtì, àwọn Okun ní ìpínlẹ̀ Kogi náà sì ní tiwọn ní Gbẹ̀dẹ̀. Rárá o. Ti Ìlàjẹ ni mò ń sọ, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, èyí tí ẹ máa wọ bóòtù ní Igbókòdá kí ẹ tó dé, tí òkun wà níwájú tí àbàtà wà lẹ́yìn. Ilé ìyá mi ni. Gbogbo ìgbà tí fídíò ilé tó ń wó sómi bá ti jáde lórí Facebook ni mo máa ń rí àwọn tó ń kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé kí ló dé táwọn èèyàn yìí ò kúrò níbẹ̀, ó sì máa ń bí mi nínú gan-an, torí ẹni tó bá mọ ohun tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe síbẹ̀ ò ní béèrè bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ 12 oṣù January 1947 ni wọ́n tẹ ìlú náà dó. Ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù ni wọ́n, wọ́n wá láti oríṣiríṣi abúlé Ìlàjẹ, àwọn ni wọ́n wá ń pè ní Holy Apostles. Ohun táwọn àgbà máa ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ ìbejì pípa wà lára ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn àtàwọn ará abúlé, wọ́n ní àwọn ò lọ́wọ́ sí i mọ́, ni wàhálà bá bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n bá kó ẹrù wọn, ó di etí òkun níbi tí ẹnikẹ́ni ò bá wọn dù. Ọba wọn, tí oyè ẹ̀ ń jẹ́ Ògèlóyìnbó, òun náà ni olórí ìjọ.

Nígbà yẹn, àpò kan ṣoṣo ni gbogbo ìlú ń ná. Ẹja tẹ́ ẹ bá pa, ti ìlú ni, ọjà tẹ́ ẹ bá lọ tà, ẹ máa kó owó ẹ̀ wálé fún ìlú, ìlú á sì bọ́ yín, á wọ̀ yín láṣọ, á kọ́lé fún yín. Ilé iṣẹ́ tiwọn ni wọ́n ti ń ṣe bùrẹ́dì, ti wọ́n ti ń ránṣọ, ti wọ́n ti ń ṣe bàtà, ti wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ ńlá o, kì í ṣe ọkọ̀ ọlọ́pọ́n nìkan. Wọ́n tún fọwọ́ gbẹ́ odò tó gba àárín àbàtà kọjá kí ọkọ̀ lè máa wọlé. Ní 1953 wọ́n ti ní iná mànàmáná, jẹnẹrétọ̀ tiwọn, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá nílẹ̀ Yorùbá ṣì ń tan àtùpà. Màmá àgbà mi máa ń sọ nípa bàtà kan tí wọ́n ṣe fún wọn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge, wọn ò san tọ́rọ́, pákó ni wọ́n tẹ́ sójú ọ̀nà gbogbo nígbà yẹn torí ẹrẹ̀, bàtà ọ̀hún á wá máa dún kò kò kò lórí pákó tí wọ́n bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá wọn á ní kí wọ́n rọra tẹ̀ ẹ́, ìgbéraga ti ń wọ̀ ọ́.

Ní ìparí àwọn ọdún 1960 ni àpò kan náà tú, kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tiẹ̀. Àwọn kan ṣì ń bínú sí i. Èmi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi o, ta ló fẹ́ fi gbogbo ayé ẹ̀ ṣiṣẹ́ láìní kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ara ẹ̀?

Ó wá kan òkun. Àwọn èèyàn rò pé bí etíkun Èkó ṣe rí ni tiwa náà rí, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ti Èkó, iyanrìn ni. Tiwa láti Ayétòrò lọ sápá odò Benin, ẹrẹ̀ ni, ẹrẹ̀ kíkúnná tó fẹ́lẹ́, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè é ní Mahin mud coast. Ìgbì kan péré á gbé e lọ, ilẹ̀ ọ̀hún ò sì ga ju omi lọ tẹ́lẹ̀. Ẹ wá fi ti epo rọ̀bì kún un: ní Awóyè, ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n gbẹ́ ọ̀nà omi nítorí iṣẹ́ epo, ó já sínú òkun, omi iyọ̀ wọlé, ó pa igbó ẹ̀gbà, igi etí omi tí wọ́n ń pè ní mangrove, ó pa ẹja odò. Ẹ̀gbà yìí kan náà ló ń di ilẹ̀ mú, òun náà la fi ń yan ẹja. Ẹni tó bá ti jẹ ṣàwá tí wọ́n fi igi ẹ̀gbà yan, pẹ̀lú púpurú àti ọbẹ̀ màrúgbò, mọ ohun tí mò ń sọ.

Ó ti lé lógún ọdún tí wọ́n ti gbé kọ́ńtírákítì jáde láti fi dínà omi. Àwọn obìnrin ti wọ́de, wọ́n ti gbé pátákó dání, ìjọba ń wá ń ya fọ́tò ń lọ. Omi ti gbé ilé, ó gbé ilé iṣẹ́, ó gbé itẹ́ òkú pàápàá.

Wọ́n ń kúrò ṣá o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń béèrè. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń sún sí. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi tú ilé pákó wọn, páànù ló kọ́kọ́ wálẹ̀, lẹ́yìn náà ni pákó, wọ́n sì kó ìṣó gbogbo sínú garawa kan, àwọn ọmọ jókòó ń fi òòlù na án lọ́kọ̀ọ̀kan kó lè tún gún, torí ìṣó tuntun wọ́n, Igbókòdá ló sì ti ń wá. Ilé ọ̀hún náà ló tún dúró ní ọ̀sẹ̀ yẹn, lókè díẹ̀ sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní ìyẹn ti di ẹ̀ẹ̀kẹta.

Ohun tí mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ yín rèé. Ẹni tó bá ní fọ́tò Ayétòrò àtijọ́ nílé, ti ilé ọkọ̀ kíkàn, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti àwọn tó ń ṣe bàtà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yà á sórí fóònù kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ àwọn tẹ́ ẹ bá mọ̀ sẹ́yìn ẹ̀. Èyí tó wà nílé tiwa, omi ti bà á jẹ́, àyàfi ẹyọ kan tí màmá àgbà fi sínú Bíbélì.