Àgbàdo tí mo fi ọwọ́ ara mi pa

Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní báyọ́lọ́jì ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì kí n tó pa àgbàdo ẹ̀yìnkùlé mi. Òjò ti dáwọ́ dúró fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Mo bu ajílẹ̀ NPK ní ẹ̀kúnwọ́, mo dà á sí ìdí igi kọ̀ọ̀kan, mo sì bá tèmi lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ewé ti ká kò, etí rẹ̀ gbẹ bí ẹni pé iná jó o. Mo rò pé kòkòrò ni, mo ti ń wá owó oògùn.

Bàbá tó ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Ajílẹ̀ rẹ ló ń fa omi ara rẹ̀ mu."

Ojú tì mí. Ohun tí mo ń kọ sójú pátákó lọ́dọọdún nìyẹn! Awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn yàrá kéékèèké tó para pọ̀ di ara ohun abẹ̀mí, máa ń jẹ́ kí omi kọjá, ṣùgbọ́n iyọ̀ kì í rí àyè kọjá bó ṣe wù ú. Ibi tí iyọ̀ bá sì ti pọ̀ jù ni omi máa ń wọ́ lọ. Iyọ̀ ni ajílẹ̀ tí mo dà sílẹ̀ náà; iyọ̀ inú ilẹ̀ ti ju ti inú gbòǹgbò lọ, omi bá ń jáde dípò kó wọlé. Osmosis ni. Mo mọ̀ ọ́n fún ìdánwò, n kò mọ̀ ọ́n fún oko.

Láti ìgbà náà, iṣu ni mo fi ń kọ́ wọn. Ẹ gé e sí mẹ́ta, ẹ bẹ ẹ́, ẹ gbẹ́ inú rẹ̀ bí ife, kí ẹ sì se ọ̀kan. Ẹ bu ṣúgà sínú tútù kan àti èyí tí ẹ sè, kí ẹ fi tútù kejì sílẹ̀ lófìfo. Ẹ gbé wọn sínú abọ́ omi tí kò jìn títí di ọjọ́ kejì. Tútù tó ní ṣúgà á ti fa omi sínú, nítorí ṣúgà ń ṣe bí iyọ̀ níbí. Èyí tó ṣófo kò ní ní nǹkan kan. Ti sísè kò ní lè fà á bẹ́ẹ̀, nítorí iná ti ba awọ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jẹ́. (Èkìtì la wà o: ẹ ka iṣu yín kí ẹ tó jáde ní kíláàsì.) Ihò tí omi ń gbà kọjá lára awọ yẹn gan-an ni Peter Agre, ará Amẹ́ríkà, rí, tó fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 2003.

Ní ti ajílẹ̀, ìdérí ìgò mínírà kan ni mo ń bù báyìí. Mo máa ń gbẹ́ ihò kékeré fún un, kó jìnnà tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ sí ìdí àgbàdo, màá wa iyẹ̀pẹ̀ bò ó, lẹ́yìn tí òjò bá ti rọ̀ ni mo sì ń ṣe é. Bí ẹ bá ti ṣì í ṣe bíi tèmi, ẹ tètè bomi rin ín dáadáa.

Oúnjẹ inú ilẹ̀ ní tiẹ̀ yàtọ̀ sí omi. Náítíréètì, ọ̀kan lára oúnjẹ náà, sábà máa ń pọ̀ nínú gbòǹgbò ju ti ìta lọ, síbẹ̀ gbòǹgbò ṣì ń fà á wọlé. Agbára ló fi ń ṣe é, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló sì fi ń rí agbára náà. Omi tó dúró kì í jẹ́ kí ọ́síjìn tó gbòǹgbò lára. Ìdí nìyẹn tí ewé àgbàdo fi ń pọ́n níbi tí omi bá dúró sí, bí ajílẹ̀ tilẹ̀ wà níbẹ̀. Mo ní irú ibẹ̀ nísàlẹ̀ ilẹ̀ mi. Lọ́dún tó kọjá, ọkọ́ ni mo gbé, mo la ojú fún omi kó ṣàn lọ, kí n tó ra ajílẹ̀ kankan.