Èmi àti Màmá lábẹ́ ìràwọ̀

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Lálẹ́ àná ní Kàbbà, iná lọ, èmi àti Màmá bá jókòó síta. Ìràwọ̀ kún ojú ọ̀run bámúbámú.

Màmá ní, "Ṣé ẹ̀mí kankan wà lọ́hùn-ún?"

Mo ní ọ́síjìn, gáàsì tí à ń mí sínú, wà lára ohun táwọn onímọ̀ ń wá nínú afẹ́fẹ́ àwọn ayé mìíràn, bí àmì pé ohun ẹlẹ́mìí lè wà níbẹ̀. Ìdá 21 nínú 100 ni nínú afẹ́fẹ́ wa, ewéko àti ohun ẹlẹ́mìí tín-tìn-tín inú omi ló ń pèsè rẹ̀. Bí wọ́n bá dáwọ́ dúró, òkúta àti irin yóò fà á tán díẹ̀díẹ̀, bí ọkọ́ ṣe ń dípẹtà. Àmọ́ ìtànṣán oòrùn náà lè tú omi ká kí ọ́síjìn jáde láìsí ẹ̀mí kankan, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń wá gáàsì mìíràn mọ́ ọn.

Màmá mí kanlẹ̀, ó yíjú sí igi máńgòrò wa.

"O ṣeun o."